Palermo ní Sìsílì: ta ló kọ́ ìlú yìí gan-an?

OmoAkewi_Egba

Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ rántí fótò ṣọ́ọ̀ṣì San Cataldo tí ẹnì kan gbé síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó ní òrùlé pupa róbótó mẹ́ta tò lórí ẹ̀, tí àwọn kan ń bura pé mọ́ṣáláṣí ni, tí àwọn kan ní irọ́ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ni o, láti nǹkan bí ọdún 1154 ló ti wà ní Palermo, olú ìlú erékùṣù Sìsílì ní ìsàlẹ̀ Ítálì lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó pè é ní mọ́ṣáláṣí náà rí nǹkan, torí irú òrùlé yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìlú yẹn ti gba ọkàn mi pátápátá, mo sì fẹ́ ká jọ sọ ọ́ dáadáa.

Àwọn ará Phoenicia tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣòwò ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, ní ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Kristi. Róòmù gbà á lọ́wọ́ Carthage, ìlú ńlá tí àwọn ará Phoenicia dá sílẹ̀ ní àríwá Áfíríkà, ní 254 ṣáájú ìbí Kristi, lẹ́yìn náà àwọn mìíràn kó wọ̀ ọ́, títí Byzantium, ìjọba Róòmù apá ìlà oòrùn tó ń sọ Gíríìkì, fi gbà á ní 535. Àwọn Mùsùlùmí láti àríwá Áfíríkà gúnlẹ̀ sí Sìsílì ní 827, wọ́n gba Palermo ní 831, ibẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe olú ìlú. Arìnrìn-àjò kan tó ń jẹ́ Ibn Hawqal dé ibẹ̀ ní 973, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mọ́ṣáláṣí ibẹ̀ lé ní 300. Ní 1072 ni àwọn Norman, àwọn jagunjagun tó wá láti àríwá Fránsì, gba ìlú náà, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ Kérésìmesì 1130 wọ́n ti dé Roger II ládé ọba.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyẹn. Inú ààfin Roger yìí ni Cappella Palatina wà, ṣọ́ọ̀ṣì tí ọba fi ń gbàdúrà, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1132, wọ́n yà á sí mímọ́ ní 1140. Tẹ́ẹ bá dúró láàárín ẹ̀, ògiri tó yí yín ká, dígí wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi to àwòrán Jésù àtàwọn ẹni mímọ́ sára ẹ̀, iṣẹ́ àwọn Gíríìkì nìyẹn, lẹ́tà Gíríìkì ni wọ́n sì fi kọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe fa ilé yẹn gùn, tí òpó tò lọ́tùn-ún lósì títí dé ibi pẹpẹ, àṣà àwọn ìjọ Látìn, ìyẹn ti Róòmù, ni. Ẹ wá gbójú sókè. Àjà onígi tó wà lórí yín yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ Mùsùlùmí ni láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n kun èèyàn sí i: ẹni tó ń ta ohun èlò orin, ẹni tó ń jó, ẹni tó gbé ife wáìnì dání, àwọn méjì tó jókòó ti ayò chess, àdúrà ìbùkún ní èdè Lárúbáwá sì yí wọn ká. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì o! Lórí ọba tó ń kúnlẹ̀ níwájú àgbélébùú!

Ẹ dá sí i jọ̀ọ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ẹ mọ̀ nípa ilé kíkọ́.

Bricklaya_Osogbo

Mo dé o. Ìkọ́lé niṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí nínú fótò San Cataldo yẹn. Yàrá onígun mẹ́rin lo ní, òrùlé róbótó lo fẹ́ gbé lé e. Kò lè jókòó, torí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ṣófo, kò sí nǹkan tó máa gbà á nísàlẹ̀. Ohun tí àwọn bàbá wọ̀nyí ṣe ni pé wọ́n kọ́ àáki kéékèèké tó tẹ̀ bí ọrun sí igun kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú èkejì, wọ́n ń wọ̀ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ títí igun mẹ́rin fi di mẹ́jọ, orí mẹ́jọ yẹn ni róbótó wá jókòó lé pẹ̀sẹ̀. Láìsí irin kankan o, òkúta àti ẹfun nìkan. Ní àríwá Áfíríkà àti Íjíbítì, wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́ káwọn Norman tó mọ ọ̀nà Sìsílì.

Àwọ̀ pupa tí gbogbo wa ń pariwo yẹn, àwọn tó tún ilé náà ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló fi síbẹ̀, torí náà tẹ́ẹ bá ń ro bó ṣe rí láyé Norman, ẹ yọ pupa yẹn kúrò lọ́kàn.

Àjà Cappella Palatina ńkọ́, ìyẹn gan-an ló ń ya èmi lẹ́nu. Pákó tín-ín-rín ni wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ wọnú, tí wọ́n wá so ọ̀kan mọ́ èkejì títí gbogbo ẹ̀ fi rí bí afárá oyin, lábẹ́ igi òrùlé gidi ló sì kọ́ sí. Ẹwà lásán ló wà fún, kò gbé ẹrù kankan. Káfíńtà tó bá máa ṣe é gbọ́dọ̀ ti ṣírò gbogbo ẹ̀ nílẹ̀ kó tó gbé e lọ sókè, torí tí ẹyọ kan bá ṣì, èyí tó kàn án ò ní wọlé mọ́, èyí tó tún kàn án náà ò ní wọlé. Mi ò mọ ẹni tó lè ṣe é lónìí láì ní kọ̀ǹpútà níwájú.

Iya_Ruka

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Kàtídírà ńlá Palermo, ibẹ̀ ti kọ́kọ́ jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Byzantium, àwọn Mùsùlùmí dé wọ́n sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí, àwọn Norman dé wọ́n tún sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì, ní 1185 ni bíṣọ́ọ̀bù àgbà Walter wá bẹ̀rẹ̀ èyí tó wà níbẹ̀ dòní. Tẹ́ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀ tó kọjú sí gúúsù, ẹ wo òpó tó wà lápá òsì. Kùránì ló wà lára ẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ sínú òkúta: Súúrà Al-A'raf, áyà 54, èyí tó sọ pé Ọlọ́hun ló dá sánmọ̀ àti ilẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà. Òpó ilé tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún lò, wọn ò sì pa ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ rẹ́. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ rí fótò ẹ̀, mo sún un mọ́jú títí mo fi kà á délẹ̀.

Ẹ tún wá aṣọ ìgúnwà Roger II lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣẹ́dà pupa ni, wọ́n fi òwú wúrà àti píàlì ṣiṣẹ́ sí i: igi ọ̀pẹ déètì kan dúró láàárín, kìnnìún kan lọ́tùn-ún, kìnnìún kan lósì, kìnnìún kọ̀ọ̀kan sì da ràkúnmí kan bolẹ̀. Gbogbo etí aṣọ yẹn, Lárúbáwá ni wọ́n kọ yí i ká, pé ilé iṣẹ́ ọba ní Palermo ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún Híjírà (kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí) 528, ìyẹn 1133 sí 1134. Vienna ni aṣọ náà wà báyìí. Ọba onígbàgbọ́ tó gbé ọdún Híjírà sí èjìká ara ẹ̀, ẹ ò rí i bí?

OnitanKekere

Mo kí gbogbo yín, mo sì gbádùn ohun tẹ́ẹ kọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ìtàn ìfẹ́. Ọba tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn lè máà fẹ́ràn èèyàn náà. Roger jẹ́ ọba tuntun nínú ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé adé, ó fẹ́ kí Byzantium bẹ̀rù òun, kí pópù bẹ̀rù òun, kí àwọn ọba Mùsùlùmí ní Káírò náà mọ̀ pé ọba lòun, torí náà ohun tó dára jù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ló kó jọ. Àwọn Mùsùlùmí tó wà lábẹ́ ẹ̀ ń san owó orí tí àwọn onígbàgbọ́ Látìn ò san. Ní 1161, nígbà tí àwọn ìjòyè dìde sí William Kìíní tó jẹ́ ọmọ Roger, ṣe ni wọ́n yí ìbínú sí àwọn Mùsùlùmí ìlú, wọ́n pa wọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pa wọ́n láàárín ìgboro.

Ibn Jubayr, arìnrìn-àjò Mùsùlùmí tó wá láti Andalus, ilẹ̀ Mùsùlùmí ní Spéìn, kọjá níbẹ̀ ní òpin 1184. Ó yin ìlú náà gan-an, ó ní William Kejì mọ Lárúbáwá kà, ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Ó tún ní ìmìtìtì ilẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àwọn ìránṣẹ́ ààfin bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe Ọlọ́hun àti Ànábì, ojú sì tì wọ́n nígbà tí ọba yọ sí wọn, ọba wá ní kí kálukú máa ké pe ẹni tó ń sìn. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí ibẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n Ibn Jubayr kan náà ló kọ ọ́ pé àwọn ìránṣẹ́ ọ̀hún ń fi ẹ̀sìn wọn pamọ́, pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Kà méjèèjì pọ̀.

OmoAkewi_Egba

@OnitanKekere ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, mi ò sì sọ pé ìfẹ́ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn èèyàn yẹn gbé pọ̀ débi pé ọ̀rọ̀ wọn wọra, ọba fẹ́ o, ọba kọ̀ o. Ẹ jẹ́ n fún yín ní ẹ̀rí kan tí kì í ṣe ti ọba. Òkúta ibojì kan wà ní musíọ́mù Zisa ní Palermo. Àlùfáà onígbàgbọ́ kan tó ń jẹ́ Grisandus ló gbé e kalẹ̀ fún ìyá ẹ̀, Anna, ní 1149. Òkúta pẹlẹbẹ ni, àgbélébùú kékeré wà nínú róbótó kan láàárín, ọ̀rọ̀ sì wà ní ọ̀nà mẹ́rin yí i ká. Lókè, èdè Lárúbáwá tí wọ́n fi lẹ́tà Hébérù kọ, bí àwọn Júù ibẹ̀ ṣe ń kọ ọ́. Látìn lápá kan, Gíríìkì lápá kejì, Lárúbáwá gidi nísàlẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ka ọdún lọ́nà tiẹ̀: ọdún Júù, ọdún ìbí Kristi, ọdún Gíríìkì tí wọ́n kà láti ìgbà ìṣẹ̀dá ayé, ọdún Híjírà.

Ìyá ẹ̀ ló kú o. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá ẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ará àdúgbò tó bá ń kọjá lè kà á, Júù, Mùsùlùmí, Gíríìkì, Látìn. Ìyẹn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kí pópù máa bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

OnitanKekere

Òkúta yẹn lágbára, mo gbà. Àmọ́ àlùfáà ọba ni Grisandus náà, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Ààfin tó ń fi èdè mẹ́ta kọ ìwé àṣẹ ló ti ń jẹun, ó mọ ohun tí èdè púpọ̀ lára òkúta ń sọ fún ẹni tó bá rí i.

Iya_Ruka

Bó ṣe àlùfáà ọba, bó sì ṣe káfíńtà, ìyá ni ìyá. Mi ò rí ibi tí ọ̀kan ti ba èkejì jẹ́.

Ayo_Ilesa

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, ìbéèrè ni mo ní. Mo gbọ́ pé ààfin kan wà ní Palermo tó máa ń tutù láìsí éésì, àwọn ọba ìgbà yẹn ló kọ́ ọ. Ṣé òótọ́ ni àbí ọ̀rọ̀ TikTok lásán?

Bricklaya_Osogbo

@Ayo_Ilesa òótọ́ ni àbúrò. Zisa tí wọ́n dárúkọ lókè yẹn náà ni. William Kìíní bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1165, ọmọ ẹ̀ William Kejì ló parí ẹ̀. Ilé ìgbafẹ́ wọn ní àsìkò ooru ni, inú ọgbà ńlá ló wà nígbà náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ iwájú ẹ̀ sí apá ibi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ wá. Àáki gàgàrà mẹ́ta ló wà níwájú, atẹ́gùn máa ń gba orí adágún omi tí wọ́n gbẹ́ síwájú ilé kọjá, ó máa gbé òtútù omi wọlé. Nínú pálọ̀ ìsàlẹ̀, omi ń tú láti ara ògiri, ó ń ṣàn lórí òkúta mábù tó dagun, wọ́n gbẹ́ ẹ ní ṣégiṣègi kí omi lè máa fọ́n, ó máa wá gba ojú gọ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ilẹ̀ pálọ̀, ó bọ́ sínú kòtò onígun mẹ́rin kékeré, kó tó jáde lọ bá adágún níta. Ihò afẹ́fẹ́ wà nínú ògiri tó ń gbé ooru lọ sókè. Ògiri yẹn fúnra ẹ̀ nípọn débi pé oòrùn ò tètè ríbi wọ̀ ọ́.

Apá kan ilé náà wó ní 1971 nítorí wọ́n pa á tì, ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Wọ́n tún un kọ́, ó sì ti di musíọ́mù iṣẹ́ ọnà Ìsìláàmù báyìí.

Omi yẹn náà ní ìtàn tiẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ihò gígùn sábẹ́ ilẹ̀, qanat ni wọ́n ń pè é, wọ́n mú un dagun díẹ̀ báyìí kí omi abẹ́ òkè lè máa rìn wá sí ìlú fúnra ẹ̀ láìsí ẹ̀rọ. Díẹ̀ ṣì wà, wọ́n máa ń mú àlejò wọ inú ẹ̀. Ẹni tó lè gbẹ́ irú ẹ̀ nínú òkùnkùn, tí ilẹ̀ ò sì wó lù ú, tí omi ò dúró sójú kan, ẹnjiníà gidi ni, ẹ jẹ́ ká fún un ní orúkọ ẹ̀.

Ara_Ballaro

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Palermo ni mo ń gbé, ọjà Ballarò ni mo ti máa ń ra nǹkan ọbẹ̀. Láyé àwọn Lárúbáwá ni ọjà yẹn ti wà. Ẹ wá wo àwọn tó wà níbẹ̀ lónìí: ará Sìsílì tó ń ké láti polówó ẹja, àwọn ará Bangladesh, Túnísíà, Gáńà, àwọn ọmọ Nàìjíríà náà pọ̀, ẹ máa rí ata rodo àti ẹ̀gẹ́, ẹ máa rí ẹni tó ń di irun lẹ́bàá ilé tó ti lé ní 300 ọdún.

Nǹkan tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹ̀ ń dúró ní 1185 bí ẹni pé ìlú yẹn parí níbẹ̀. Martorana tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ San Cataldo, George ará Antioch tó jẹ́ olórí ọmọ ogun ojú omi Roger ló kọ́ ọ, ní 1143. Nínú ẹ̀ lẹ máa rí àwòrán Jésù tó ń dé Roger ládé, ọba yẹn wọṣọ bí olú ọba Byzantium. Ta ló wá ń lò ó báyìí? Àwọn tí bàbá ńlá wọn sá kúrò ní Albania nígbà ogun àwọn Tọ́kì Ottoman ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Kátólíìkì ni wọ́n, àmọ́ ìsìn ti Byzantium ni wọ́n ń ṣe, ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Sunday ẹ máa gbọ́ orin Gíríìkì lábẹ́ àwọn àwòrán yẹn kan náà.

Ọ̀kan tún wà tó sún mọ́ wa jù. Benedetto il Moro, Benedict aláwọ̀ dúdú. Àwọn òbí ẹ̀, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí Sìsílì ni wọ́n. San Fratello ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí 1526. Kò mọ̀wé, ìdáná ló ń ṣe ní ilé àwọn àlùfáà Franciscan ní Santa Maria di Gesù, wọ́n sì wá fi í ṣe olórí ilé náà nítorí ìwà ẹ̀. Ó kú ní 1589. Ní 1652 ni ìgbìmọ̀ ìlú Palermo mú un mọ́ àwọn ẹni mímọ́ tó ń dáàbò bo ìlú, nígbà tí Róòmù ò tíì kéde ẹ̀ ní ẹni mímọ́, 1807 ni wọ́n tó ṣe ìyẹn. Iná igbó jó ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ní July 2023, ó jó òkú ẹ̀ tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀ láti ayé wọn, ojú gbogbo èèyàn ibí wú. Àwòrán ẹ̀ ńlá kan wà lára ògiri nítòsí Ballarò, èmi máa ń gba ibẹ̀ kọjá.

Bahia_Omo_Ketu

@Ara_Ballaro ẹ ṣeun tẹ́ẹ dárúkọ ẹ̀. São Benedito la mọ̀ ọ́n sí ní Brazil. Láyé ẹrú, àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú nínú ìjọ Kátólíìkì mú un ní alábòójútó, òun àti Ìyá Wa ti Rósárì. Àwọn ẹgbẹ́ yẹn ló ń dáwó sin òkú ara wọn, tí wọ́n ń dáwó ra òmìnira ara wọn. Ère ẹ̀ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó gbé Jésù ọmọ ọwọ́ dání. Mi ò tíì rí ẹni tó sọ fún mi rí pé Palermo ló ti gbé ayé ẹ̀, inú mi dùn gan an ni.

OnitanKekere

Ohun tí @Ara_Ballaro sọ yẹn dáa, ó sì mú mi padà síbi ọ̀rọ̀ mi. Àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyẹn ńkọ́, ibo ni ọmọ wọn wà? William Kejì kú ní 1189, wọ́n tún dìde sí àwọn Mùsùlùmí Palermo, ọ̀pọ̀ sá lọ sórí òkè. Frederick Kejì, ọba Sìsílì lẹ́yìn náà, tí gbogbo ayé ń yìn pé ó gbọ́ Lárúbáwá, tó fẹ́ràn ìmọ̀, òun ló kó àwọn Mùsùlùmí Sìsílì láti nǹkan bí 1220 lọ títí, ó kó wọn lọ sí Lucera, ìlú kan lódìkejì omi lórí ilẹ̀ Ítálì. Ní 1300 wọ́n pa Lucera run, wọ́n sì ta àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Àwọn Júù ńkọ́, ọba Spéìn tó ni Sìsílì nígbà náà lé gbogbo wọn jáde, ìkéde 1492 ló mú un wá, ìgbà tí 1493 máa fi bẹ̀rẹ̀ wọ́n ti lọ tán. Èmi náà fẹ́ràn àjà Cappella Palatina yẹn, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ohun tó ń ká mi lára ni pé ní 2015 tí UNESCO, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fún àṣà, kọ ilé mẹ́sàn-án láti ìgbà Norman sínú ìwé ohun ìní ayé, ìwé ìpolówó arìnrìn-àjò kún fún ọ̀rọ̀ ìbágbépọ̀ àlàáfíà, Lucera ò sì sí nínú ọ̀pọ̀ wọn. Kí wọ́n kọ méjèèjì sára pátákó kan náà, ohun tí mo ń bèèrè nìyẹn.

OmoAkewi_Egba

Ní ibi tá a dé yìí, mo wà lẹ́yìn yín ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n kọ Lucera sí ẹnu ọ̀nà Cappella Palatina gan-an, ní èdè mẹ́ta, bí wọ́n ṣe kọ ti aago olómi Roger sára òkúta ní Látìn, Gíríìkì àti Lárúbáwá ní 1142. Ẹni tó bá wọlé á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ ọmọ káfíńtà yẹn kó tó gbójú sókè.

Ara_Ballaro

Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ o. Ní àdúgbò tí àwọn Júù ń gbé tẹ́lẹ̀, orúkọ òpópónà wà lára ògiri ní èdè Ítálì, Hébérù àti Lárúbáwá. Ní 2017 bíṣọ́ọ̀bù àgbà gbà pé kí àwọn Júù lo ilé àdúrà kan tó jẹ́ ti ìjọ fún sínágọ́gù. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan náà ti di mọ́ṣáláṣí, àwọn ará Túnísíà ló ń bójú tó o.

Ayo_Ilesa

Mo fẹ́ lọ o! Ibo ni kí n kọ́kọ́ yà?

Ara_Ballaro

@Ayo_Ilesa Cappella Palatina ni kó o kọ́kọ́ lọ, ní kùtù, káwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ńlá ṣàbẹ̀wò tó dé, torí tí wọ́n bá ti kún ibẹ̀ o ò ní ráyè dúró wo òkè. Bo èjìká ẹ. Mú awò onígò méjì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn dání, àwọn tó ń ta chess yẹn kéré lókè lọ́hùn-ún, ojú lásán ò lè rí wọn dáadáa. Rọra rìn lọ sí kàtídírà, wo òpó ìyá wa Ruka, ẹnu ọ̀nà gúúsù, apá òsì. Piazza Bellini lo máa ti rí San Cataldo àti Martorana nígbà kan náà. Zisa jìnnà díẹ̀, fi í sí ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn bá mú, wàá wá mọ ohun tí ọ̀gá Bricklaya ń sọ. Ọjọ́ kejì, wọ bọ́ọ̀sì ní Piazza Indipendenza lọ sí Monreale lórí òkè, William Kejì ló kọ́ ìyẹn, àwòrán onídígí wúrà inú ẹ̀ ju 6,000 mítà onígun mẹ́rin lọ. Má padà láì wọ àgbàlá àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òpó 228 ni, méjì méjì, tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀ṣì, torí náà mú owó dání.